Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì báyìí: ìtàn ohùn inú ilé wa, àti ìdí tí soundbar yín fi dákẹ́

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn bàbá wa fi ń pe rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ẹ bú u o, ẹ yìn ín o, ẹ bi í ní ìbéèrè o, ohun tó fẹ́ sọ náà ló máa sọ lọ. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la ti máa rí ìdí tí soundbar tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fi ń wò yín bí ère. Thread gígùn ni o, ẹ wá omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. 🧵

2/
Ní Gàmbàrí níbí, ní Ìlọrin, tí soundbar bá ti kọ̀ tí ò dún, ẹjọ́ méjì péré ni wọ́n máa ń dá fún un. Àkọ́kọ́: "Féèkì ni wọ́n tà fún yín." Ìkejì: "Iná ti jó o." Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ níbẹ̀ rárá. Èèyàn á wá gbé nǹkan tó ṣì yá gágá lọ tà ní ẹ̀dínwó ẹ̀dínwó, ẹni tó rà á á tẹ bọ́tìnì kan, á tún un tà. Owó yín nìyẹn tó lọ bẹ́ẹ̀.

3/
Owó nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀. Ìlú ohùn ni Ìlọrin. Ibi tá a ti ń kọ dàdàkúàdà ni, ibi tá a ti ń kọ wákà ni, wọ́n mọ orúkọ Odolaye Aremu dé ibi tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé wa. Tó bá di Ramadan, tafsir ló ń gba inú ilé kan. Àgbàlagbà púpọ̀ wà láàárín wa tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń kàwé. Tí TV bá ń ṣí ẹnu tí ohùn ò jáde, ayé ti há mọ́ wọn nìyẹn.

4/
Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká gba ọ̀nà ìtàn wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá mọ bí ohùn ṣe wọ ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa mọ ibi tó ti ń sọnù lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ.

5/
GIRAMAFÓÒNÙ. Thomas Edison ló ṣe ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ tó sì tún un sọ, ní Amẹ́ríkà, ní 1877. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Emile Berliner gbé èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ dé. Kò pẹ́ tí èdè wa náà fi wọ inú àwo. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin ìyìn ní Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù.

6/
Giramafóònù àtijọ́ ò mọ iná mànàmáná. Ẹ máa fi ọwọ́ yí i, irin tó ká mọ́ra nínú ẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, á máa yí àwo. Abẹ́rẹ́ á máa rìn lójú àwo, ìwo ńlá orí ẹ̀ á gbé ohùn náà sókè. Tó bá dákẹ́, ojú lásán lẹ máa fi rí àìsàn ẹ̀: abẹ́rẹ́ ti jẹ, àwo ti fọ́, tàbí ẹ ò yí i tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nígbà yẹn, tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ara ẹ̀rọ náà lẹ máa wò.

7/
ÀPÓTÍ OLÓKÙN. Ní December 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ ilé ní Èkó. Ohun tí BBC ń sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà, nítorí BBC ti dá ètò tó ń bá àwọn ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní December 1932. Ilé iṣẹ́ kan á gbà á, á fi wáyà orí òpó pín in fún àwọn tó ń san owó oṣù. Ìbàdàn náà rí tiẹ̀ ní 1939. Rediffusion ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

8/
Àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri yẹn, sípíkà lásán ló wà nínú ẹ̀. Kò sí ìkànnì tẹ́ ẹ máa yàn. Bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa yí kí ohùn lọ sókè tàbí kó wálẹ̀, ó tán. Ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ máa gbọ́. Ẹ rí i bí orúkọ yẹn ṣe bá a mu? Asọ̀rọ̀mágbèsì pọ́ńbélé! Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà kan, kò sí ọ̀nà àbọ̀.

9/
Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ àìsàn ẹ̀. Tí tiyín bá dákẹ́, ẹ yọjú sí ilé kejì: "Ẹ kú ilé o, ṣé tiyín ń sọ̀rọ̀?" Tí tiwọn bá ń sọ̀rọ̀, wáyà tiyín tàbí àpótí tiyín ni. Tí tiwọn náà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá ilé yín, ẹ jókòó. Ìbéèrè kan péré ló pín ìṣòro sí méjì. Ẹ tọ́jú ọgbọ́n yìí, a máa lò ó níwájú.

10/
RÉDÍÒ ALÁGBÈÉKÁ. Ní 1947, ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ṣe transistor, irin kékeré tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gílóòbù ńlá ńlá tó máa ń gbóná nínú rédíò. Ní 1954, rédíò alágbèéká àkọ́kọ́ tó ń lò ó dé ọjà. Nílé wa níbí, wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1951, ó sì di NBC ní 1957. Bátìrì dé, okùn já. Ẹ lè gbé ohùn lọ sóko, ẹ lè gbé e lọ sọ́jà.

11/
Òmìnira dé pẹ̀lú ìṣòro tiẹ̀. Ẹ wo Ìlọrin wa yìí: títí di 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, abẹ́ Àríwá la wà. Kàdúná ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ láti 1962. Ìbàdàn náà ti ṣí tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ ní 31 October 1959, ó sì ní rédíò pẹ̀lú. Ìjọba wà níhìn-ín, èdè ilé wà lọ́hùn-ún. Bọ́tìnì ìkànnì lẹ máa fi yan ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́.

12/
Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan tuntun ti ṣẹlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ lè yá gágá, bátìrì lè pé, síbẹ̀ kó má sọ nǹkan kan ju "ṣììì" lọ, nítorí pé ìkànnì tẹ́ ẹ gbé e sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò bàjẹ́ o. Ibi tí kò yẹ ló dojú kọ.

13/
KÁSẸ́Ẹ̀TÌ. Philips gbé e jáde ní 1963. Wáàsí wọ inú ẹ̀, dàdàkúàdà wọ inú ẹ̀, ìyàwó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkọ tó wà ní ìdálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá àwọn àgbà gbé lẹ máa mọ iṣẹ́ tí biro ń ṣe nínú ihò kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí okùn ẹ̀ bá tú. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan wà lórí àwọn rédíò-kásẹ́ẹ̀tì yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí: RADIO, TAPE, AUX. Tẹ́ ẹ bá fi í sí TAPE tẹ́ ẹ sì ń wá ìròyìn, títí ilẹ̀ á fi mọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bàbá ńlá bọ́tìnì SOURCE orí rímóòtù yín nìyẹn.

14/
Ẹ jẹ́ kí n fi ọgbọ́n àwọn tó ń tún rédíò ṣe kún un. Tí rédíò bátìrì bá dákẹ́, ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ tú gbogbo ẹ̀. Á ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, á fi irin screwdriver kan ẹsẹ̀ àárín bọ́tìnì fólúùmù. Tí sípíkà bá dún "ùùù", á mọ̀ pé láti ibẹ̀ dé ẹnu sípíkà, kò sí wàhálà. Apá ibi tí ohùn ti ń wọlé ló ń ṣàìsàn. Ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè "ṣé tiyín ń sọ̀rọ̀?" náà ni? Wọ́n kàn fi irin béèrè ni. (Ẹ má dán èyí wò lára ohun tó wà lórí iná o, ẹ jọ̀ọ́.)

15/
TV ONÍKÙN. Ẹ rántí àwọn TV ńlá tí ẹni méjì máa ń gbé? Àyè pọ̀ nínú wọn. Sípíkà wọn lè tóbi, ó sì lè dojú kọ yín. Ìṣẹ́ sípíkà ni kó ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn. Chester Rice àti Edward Kellogg ló kọ nípa irú sípíkà tá à ń lò títí dòní, ní 1925. Láti ìgbà náà, òfin kan ò tíì yí padà: ohùn tó wúwo ń fẹ́ àyè.

16/
TV PẸLẸBẸ wá dé. Ó rí rẹ́múrẹ́mú lára ògiri, àwòrán ẹ̀ mọ́ roro, ṣùgbọ́n níbo ni sípíkà máa gbé? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀ tàbí ògiri. Ìdí nìyẹn tí ohùn TV tuntun fi máa ń dà bíi ti ẹni tó bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ Altec Lansing ti gbé sípíkà gígùn kan tó ń lo iná jáde ní 1998, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí soundbar àkọ́kọ́. TV tó tín-ín-rín ló sọ ọ́ di ohun tí ilé gbogbo ń wá. A gé ẹnu kúrò lára TV, a wá lọ ra ẹnu náà lọ́tọ̀.

17/
Nígbà tí ẹnu ti kúrò lára orí, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ síra wọn. Ibí ni ìtàn ti yí padà pátápátá. Wáyà HDMI jáde ní 2002. Iṣẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn ni kó gbé àwòrán àti ohùn láti ara dẹ́kódà tàbí DVD wọ TV. Ní 2009, wọ́n fi nǹkan kan kún un tó ń jẹ́ ARC: TV lè gba wáyà kan náà yẹn dá ohùn padà sí soundbar. Ní 2017, wọ́n kéde èyí tó lágbára jù ú lọ, eARC.

18/
Kí TV tó dá ohùn padà, ó máa kọ́kọ́ bá soundbar sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wò ó báyìí:
TV: Ta ló wà ńbẹ̀?
Soundbar: Èmi ni o, soundbar ni mí.
TV: Irú ohùn wo lo gbọ́?
Soundbar: Eléyìí ni mo gbọ́, n ò gbọ́ tọ̀hún.
TV: Ó dáa, gbà.
Gbogbo ẹ̀ máa ń parí kẹ́ ẹ tó jókòó tán. Tí èsì ò bá dé, tàbí tí wọ́n bá ṣi ara wọn gbọ́, kẹ́kẹ́ á pa.

19/
Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ayé àtijọ́ ò nílò èsì. Tó bá dákẹ́, ó kú ni, tàbí ìkànnì ni. Tòde òní ń gbèsì. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ máa ń jẹ́ èdèkòyédè ju ikú lọ. Àwa ṣì ń fi ojú àpótí ara ògiri wò ó ni, la fi ń yára kéde òkú ẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bá wọn parí ìjà.

20/
ÀKỌ́KỌ́: INÁ. Ṣé iná kékeré kan ń tàn lára ẹ̀? Tí kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ ojú iná tẹ́ ẹ kì í sí, kí ẹ tẹ wáyà ẹ̀ wọlé dáadáa lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ kékeré tó ń lo USB, ẹ má kì í sí ẹ̀yìn TV. Ihò USB ẹ̀yìn TV míì ò lè fún un ní iná tó tó, á máa tan iná láìsọ̀rọ̀, tàbí kó máa kú, kó máa jí. Ẹ fi orí ṣájà fóònù tó dáa kì í. Tí iná yín bá sì ń mì bí àbẹ́là, ẹ jẹ́ kó dúró ire kẹ́ ẹ tó dájọ́.

21/
ÌKEJÌ: ÌBÉÈRÈ TÓ Ń PÍN ÌṢÒRO SÍ MÉJÌ. Ẹ rántí screwdriver ọ̀gá onírédíò? Tiyín ni fóònù ọwọ́ yín. Ẹ gbé soundbar sí BT, ẹ so fóònù mọ́ ọn, ẹ gbá orin kan sí i. Tó bá kọrin, ẹ ṣọpẹ́: ẹnu ẹ̀ yá, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ yá. Ìṣòro wà láàárín òun àti TV. Tí ò bá kọrin tí iná sì ń tàn, ẹ wo fólúùmù àti MUTE. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ọmọdé máa ń fi rímóòtù ṣeré.

22/
ÌKẸTA: SOURCE. Soundbar ò lè gbọ́ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. HDMI, OPT, AUX, BT, USB: ọ̀kan ló ń tẹ́tí sí. Tẹ́ ẹ bá fi HDMI so ó tẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ sí BT, ọ̀rọ̀ RADIO àti TAPE náà ló tún dé yẹn. Ẹ tẹ SOURCE tàbí INPUT títí ẹ máa fi kan orúkọ wáyà tẹ́ ẹ lò.

23/
ÌKẸRIN: IHÒ TẸ́ Ẹ KÌ Í SÍ. HDMI lè tó mẹ́ta lẹ́yìn TV, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà àbọ̀. Wọ́n máa kọ ARC tàbí eARC sí i lára. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kì í sí, àti ní ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára soundbar náà. Inú àwọn ihò yòókù, ohùn ń wọlé, kì í jáde. Àpótí olókùn ni wọ́n ṣì jẹ́.

24/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo OPTICAL, ọ̀rọ̀ yín rèé. Toshiba ló ṣe é ní 1983, ìmọ́lẹ̀ ló sì fi ń gbé ohùn. Wáyà tuntun máa ń ní fìlà rọ́bà kékeré kan lẹ́nu, ó mọ́ gaara, ojú kì í tètè rí i. Ẹ yọ ọ́! Tẹ́ ẹ bá wá kì í sí TV, tẹ́ ẹ wo etí kejì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Tí pupa ò bá sí, TV ò tíì ránṣẹ́. Tí pupa bá wà, iṣẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ̀ soundbar ló kù sí.

25/
ÌKARÙN-ÚN: ẸNI TÍ TV Ń BÁ SỌ̀RỌ̀. Ẹ wọ settings TV, ẹ wá Sound, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Sound Output sí. Tó bá wà ní TV Speaker, ó ń dá sọ̀rọ̀ ni. Ẹ gbé e sí HDMI ARC tàbí Optical. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan CEC, òun ló ń jẹ́ kí TV àti soundbar máa pe ara wọn. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un ló yàtọ̀: Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní SimpLink, Sony ní Bravia Sync. Ọmọ kan náà, oríkì mẹ́ta.

26/
ÌKẸFÀ rèé, òun ló ń pa àwọn èèyàn jù. Ilé àǹtí kan ní àdúgbò wa ló ti ṣẹlẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a gba ààwẹ̀. Ọmọ wọn ra soundbar fún wọn torí tafsir. Fóònù sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, fíìmù àtijọ́ sọ̀rọ̀, dẹ́kódà ò sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tó ń tún nǹkan ṣe ti ní bọ́ọ̀dù ẹ̀ ló jó, owó tó fẹ́ gbà sún mọ́ ìdajì owó tí wọ́n fi rà á.
Àǹtí ní, "Ṣé kí n jẹ́ kó gbé e lọ ni?"
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì jẹ́ kó gbé e. Ohun tó jó kì í yan ẹni tó máa dá lóhùn."

27/
Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ohùn tó ń jáde látinú TV lè wà ní oríṣi méjì. PCM ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kedere, soundbar gbogbo ló gbọ́ ọ. Dolby Digital àti DTS jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n dì bí ẹrù kí ó lè gba ọ̀nà tóóró kọjá, ẹni tó bá máa gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Soundbar olówó pọ́ọ́kú míì ò mọ̀ ọ́n tú. Dẹ́kódà wá ń fi Dolby ránṣẹ́, soundbar ń gbà á, kò yé e, ló bá dákẹ́.

28/
Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ṣebí ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ? Gàmbàrí ni Yorùbá ń pe Hausa, ibẹ̀ ni àdúgbò wa ti gba orúkọ. Yorùbá, Hausa, Fúlàní, Nupe, gbogbo wọn ló pàdé nílùú yìí kí ilé tó di ilé kan. Tí ẹnì kan bá sọ Hausa sí ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, ẹni yẹn á wò ó. Ṣé ẹ máa sọ pé odi ni? Ẹ máa wá ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni. Lórí TV, ẹ wá Digital Audio Output, ẹ yọ ọ́ kúrò ní Auto tàbí Bitstream, ẹ gbé e sí PCM. Ẹ ṣe bákan náà nínú settings dẹ́kódà.

29/
Ohun tá a ṣe nílé àǹtí nìyẹn. Bá a ṣe yàn án tán, ohùn bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní, "Alhamdulillah. Owó tí ò bá lọ nìyẹn o." Wọ́n sì gbé e sókè débi pé ilé kejì gbọ́.

30/
ÌKEJE: OLÈ ETÍ. Bluetooth gba orúkọ ẹ̀ lára Harald Bluetooth, ọba Denmark kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ní ó so àwọn èèyàn ẹ̀ pọ̀. Bluetooth inú ilé wa máa ń tú wọn ká nígbà míì. Tí fóònù àbúrò yín bá ti so mọ́ soundbar nínú yàrá, TV lè má ráyè wọlé. Ẹ pa Bluetooth gbogbo fóònù ilé, kẹ́ ẹ tún TV so.

31/
ÌKẸJỌ: Ẹ JẸ́ KÍ WỌ́N TÚN ARA WỌN KÍ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì yí padà, ẹ pa àwọn méjèèjì, ẹ yọ wọn kúrò lójú iná pátápátá. Rímóòtù nìkan ò tó o, ẹ fà á yọ. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tan TV, kẹ́ ẹ tó tan soundbar. Ìkíni wọn á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí iná bá lọ tó dé lójijì, èyí nìkan ló máa ń yanjú ẹ̀ nígbà míì.

32/
Ìgbà wo la máa wá gbà pé ó kú? Tí kò bá tan iná kankan lórí ojú iná tó dáa. Tó bá ń rùn bí ohun tó jó. Tó bá ń pariwo "gáà" nínú gbogbo SOURCE. Tàbí tí fóònù náà ò bá lè sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tẹ reset. Ẹ má tú u fúnra yín o, iná lè ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti dán wò fún un. Oníṣẹ́ tó dáa á dúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ á mọ̀ pé ojú yín là.

33/
Ẹ wo ibi tá a ti ń bọ̀. Láti orí abẹ́rẹ́ tí ojú rí, dé orí wáyà òpó, dé bọ́tìnì ìkànnì, dé TAPE àti AUX, dé ẹ̀rọ méjì tó ń kí ara wọn kí ohùn tó jáde. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fún wa ní àṣàyàn tuntun, wọ́n fi ibi tuntun tí ohùn lè sọnù sí kún un. Ẹni tó bá mọ iye ibi yẹn ò ní tètè sọ nǹkan ẹ̀ nù.

34/
Torí náà, kí ẹ tó sọ pé "ó ti bàjẹ́" nílé yín, pàápàá tó bá jẹ́ ohun tí àgbàlagbà fi ń gbọ́ ayé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé iná dé ọ̀dọ̀ ẹ? Ta lò ń tẹ́tí sí? Ṣé èdè tó ń sọ sí ẹ yé ẹ? Ó ń gbèsì báyìí. Ẹ béèrè.

35/
Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín fún mi: kí ni wọ́n ń pe rédíò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kí sì ni ohùn àkọ́kọ́ tí wọ́n rántí pé ó jáde nínú ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Tẹ́ ẹ bá sì mọ ẹni tó fẹ́ ta soundbar tó "kú", ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ ọjà tó pé.